Ohun Tí a Lè Rán: Igbá àti Ọgbọ́n Ìṣẹ̀dá Ohun-Èlò ní Ilẹ̀ Ọ̀yọ́

Ìṣọníṣókí

Iṣẹ́ yìí yẹ igbá wò gẹ́gẹ́ bí ohun-èlò tí a fi làákàyè gbé kalẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ojú tí a ń fín ọnà sí nìkan. Ó tọpa ọgbọ́n inú igbá láti oko àgbẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó, àti dé ọwọ́ ẹni tí ó ń rán an nígbà tí ó bá sán. Ẹ̀rí rẹ̀ wá láti inú orúkọ àwọn ohun-èlò, láti inú òwe, àti láti inú ìtàn Aláàfin Aólẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, a kò ka ohun-èlò sí ohun tí ó parí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. A máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọwọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, pàápàá ọwọ́ tí yóò tún un ṣe.

Ìfáàrà

Bí ọ̀rọ̀ igbá Ọ̀yọ́ bá délẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀, ọnà ara rẹ̀ ni a sábà máa ń sọ. Ìwà yìí ti pẹ́. Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí òun pè ní Katunga, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, lára ohun tí ó fà á lójú ni àwọn ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a gbẹ́ ọnà sí. Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, T. J. H. Chappel tẹ ìwé pàtàkì kan jáde lórí igbá àwọn ará àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1977. Àkọlé rẹ̀, Decorated Gourds in North-Eastern Nigeria, fi ọnà ṣíwájú igbá. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí ọnà náà tó ohun tí a ń kọ ìwé lé lórí. Ṣùgbọ́n igbá tí a kò fín ọnà kankan sí pọ̀ ju èyí tí a fín lọ, òun sì ni ó bọ́ àwọn baba ńlá wa. Kí ni ọgbọ́n tí ó wà nínú igbá lásán?

Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí ó ń ka iṣẹ́ àwọn ọkùnrin, ó to fífín igbá àti gbígbẹ́ igi pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, òwò, aṣọ híhun, iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ awọ. Èyí jẹ́rìí pé iṣẹ́ tí ó lórúkọ ni ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àmọ́ afíngbá kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ń pinnu bí igbá yóò ti rí. Kí igbá tó dé ọwọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ti ronú lé e lórí.

Àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣohun-èlò

Igbá tí à ń sọ yìí jẹ́ èso ìtàkùn tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Lagenaria siceraria. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ìwádìí àbùdá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé láti Áfíríkà ni igbá àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti wá, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orí omi òkun ni ó léfòó gbà dé òkè-òkun, láìsí ẹni tí ó rù ú. Ohun tí ó gbé e la òkun kọjá náà ni ó sọ ọ́ di ohun-èlò: èèpo rẹ̀ le, ó fúyẹ́, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀.

Ní oko, ibi tí èso náà bá wà nígbà tí ó ń dàgbà ni yóò pinnu ohun tí a ó fi í ṣe. Èyí tí ó bá sùn sórí ilẹ̀ yóò ní ìdí pẹrẹsẹ, a ó sì lè gbé e kalẹ̀ láìyí. Èyí tí ó bá gun igi, tí ó ń fì, ìwúwo ara rẹ̀ yóò fa ọrùn rẹ̀ gùn, yóò sì tọ́ gbọnrangandan. Àgbẹ̀ tí ó bá fi okùn dè é ní ìbàdí nígbà tí ó ṣì tutù yóò rí i pé ìbàdí náà yóò wà lára rẹ̀ títí láé. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ akèrègbè àti ẹni tí ó fẹ́ igbá ìjẹun kì í tọ́jú ìtàkùn bákan náà. Ìmọ̀ nípa ìlò ti wọ inú iṣẹ́ oko kí ọ̀bẹ tó kan èso náà.

Nígbà tí ó bá gbó tí ó sì le, a ó jẹ́ kí inú rẹ̀ rà, a ó là á, a ó ha inú rẹ̀ mọ́, a ó sá a sí oòrùn. Ìkorò inú igbá tuntun kò ní í tán lẹ́ẹ̀kan, omi ni a fi ń fọ̀ ọ́ léraléra. Ibi tí a ti là á ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí a bá là á ní ìbú, a ó rí igbá méjì tí etí wọn bára mu. Bí ilà náà bá tilẹ̀ wọ́ díẹ̀, ààbọ̀ kejì yóò wọ́ bákan náà, nítorí pé ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni ó la àwọn méjèèjì. Èyí ni ó fà á tí ọmọrí igbá fi máa ń bá ìyá rẹ̀ mu rẹ́gí láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n. Èdè wa kò gbàgbé èyí. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá lónìí yóò bá "igbákejì ààrẹ" àti "igbákejì gómìnà" pàdé. Ìrísí àti ohùn ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí igbá tí a là sí méjì: igbákejì kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, ààbọ̀ tí ó bá ààbọ̀ mu ni.

Orúkọ gẹ́gẹ́ bí àkójọ ìlò

Bí a bá to àwọn orúkọ tí Yorùbá fún oríṣiríṣi igbá, a ó rí i pé ìlò ni ó pín wọn sọ́tọ̀. Igbá ni èyí tí a là, tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò. Ahá kéré, òun ni a fi ń mu ẹmu, òun náà ni a sì ń jẹ́ kí ó léfòó nínú àmù kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ má baà ti ọwọ́ bọ omi. Akèrègbè ní ikùn ńlá àti ọrùn tóóró. Àtò ní ọrùn gígùn. Àdó kéré jọjọ, oògùn ni a ń rọ sínú rẹ̀. Ìgbakọ ni a fi ń bu ọkà àti ẹ̀bà, àkúfọ́ igbá sì ni a sábà fi ń ṣe é. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọ àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ sọ́rùn, a kò sì so àwọ̀n náà mọ́ ọn pinpin, nítorí pé inú ààyè tí ó kù láàrin àwọ̀n àti ara igbá ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí á wo akèrègbè ẹlẹ́mu dáadáa. Ẹmu kì í sinmi, ó ń hó lọ ni láti ìgbà tí a bá ti gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Ọrùn tóóró kò jẹ́ kí ó dànù lójú ọ̀nà, kò sì fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún kòkòrò. Ewé tí a fi dí i lẹ́nu kò dí i pátápátá, afẹ́fẹ́ tí ìhó náà ń mú wá sì ń rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí ó bá ti dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pinpin rí, tí ó sì gbé e sínú oòrùn, mọ ohun tí ewé náà ń ṣe.

Igbá fífẹ̀ náà ní èrò tirẹ̀. Kì í tètè gba ooru, nítorí náà ẹni tí ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ kò ní í jóná. Fífúyẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn obìnrin Fúlàní tí ń kiri wàrà ní àgbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lè rù ú láti gáà wọ ìgboro, pẹ̀lú òṣùká lábẹ́ rẹ̀ láti gba ìdí roboto náà dúró. Òṣùká yìí kan náà ni a ń gbé igbá lé nílẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo di ìjókòó igbá lórí àti nílẹ̀.

Àdó fi ohun mìíràn hàn. Ohun kékeré tí a dí lẹ́nu, tí agbára tí a kò rí wà nínú rẹ̀: ìtumọ̀ yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí àwọn oníròyìn ń wá orúkọ fún ohun ìjà abúgbàù, "àdó olóró" ni wọ́n mú. Ìrísí ohun-èlò ilé ni ó bí ọ̀rọ̀ ogun òde òní.

Akèrègbè ni ó ń júwe

Òwe kan sọ pé akèrègbè fúnra rẹ̀ ni yóò júwe ibi tí a ó ti fi okùn sí i lọ́rùn. A sábà máa ń lò ó fún ènìyàn tí ìwà rẹ̀ kọ́ni bí a ṣe ń bá a lò. Ṣùgbọ́n kí òwe tó lè ṣiṣẹ́ fún ènìyàn, ó ní láti jẹ́ òtítọ́ nípa akèrègbè ná. Òtítọ́ náà nìyí: ẹni tí kò rí akèrègbè rí, tí a bá fún un ní okùn, kò ní í dè é mọ́ ikùn. Ikùn ń yọ̀, ọrùn sì há láàrin ikùn àti ẹnu. Ìrísí náà ti sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ní ọdún 1988, Donald Norman, onímọ̀ ìrònú ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé The Psychology of Everyday Things jáde. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ohun-èlò tí a ṣe dáadáa yẹ kí ó fi ara rẹ̀ hàn, kí ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà mọ̀ bóyá títì ni yóò ti ilẹ̀kùn tàbí fífà ni yóò fà á, láìka ìwé sára rẹ̀. Ìwé náà gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé. Kò pọn dandan kí á sọ pé àwọn baba wa ṣíwájú Norman, nítorí eré ìje kọ́ ni ìmọ̀. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé ìmọ̀ tí òun kọ fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ti di òwe láàrin wa, ìyẹn ni pé ó ti kúrò ní ọwọ́ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ nìkan, ó ti di ohun tí ọmọdé lè gbọ́ lẹ́nu àgbà. Òwe náà tún fi ohun kan kún un. Akèrègbè kò wulẹ̀ fi ara hàn lásán, ó ń "júwe", bí ẹni tí ó ń bá alábàáṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀. Okùn kò tíì sí lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó kúrò ní oko. Ẹni tí yóò lò ó ni yóò parí iṣẹ́ náà.

Igbá òfìfo àti àwo fífọ́: ọ̀ràn Aólẹ̀

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wọ ìtàn ìlú ni òpin ìjọba Aláàfin Aólẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe ròyìn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ọba rán sí Ìwéré kẹ̀yìn sí i. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n fi igbá òfìfo tí a dé ní ọmọrí ránṣẹ́ sí Aólẹ̀. Ó yé e pé orí òun ni wọ́n ń béèrè. Kí ó tó kú, ó jáde sí gbangba, ó ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó sì fi àwọn olóyè rẹ̀ gégùn-ún pé ibi tí ọfà òun dé ni a ó kó wọn lẹ́rú dé. Lẹ́yìn náà, ó gbé àwo amọ̀ sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì fi yé wọn pé igbá ni a lè tún dì bí ó bá fọ́, a kì í dí àwo: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun kò ṣe ní í ṣeé yí padà.

Àwọn onítàn ti sọ púpọ̀ nípa ègún yìí, nítorí pé ó dà bí àkọ́sọ ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé àti òwò ẹrú tí ó tẹ̀ lé e. Ohun-èlò méjì tí ó wà nínú ìtàn náà ni a kì í sábà dúró tì. Àkọ́kọ́ ni igbá tí a dé. Nínú ilé, a kì í dé igbá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ọmọrí jẹ́ ìlérí: ẹni tí a gbé igbá ọlọ́mọrí wá fún mọ̀ pé oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn ni. Nítorí náà, nígbà tí ọba ṣí i tí kò bá nǹkan kan, kì í ṣe òfìfo lásán ni ó rí. Ó rí ìlérí tí a fà sẹ́yìn. Bí kò bá sí ìlò ojoojúmọ́ tí ó fún ọmọrí ní ìtumọ̀, àrokò náà kì bá ti lè sọ̀rọ̀.

Èkejì ni àwo. Aólẹ̀ kò fọ́ igbá tí wọ́n gbé wá fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó wà nítòsí, òun sì ni ohun ẹ̀gàn náà. Ó wá àwo amọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tí ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé lórí jẹ́ ìyàtọ̀ àbùdá ohun-èlò. Ara igbá ní okun bí igi. Bí ó bá sán, a lè fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò wẹẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tí ó ti sán, kí a fi okùn rán an pọ̀, kí ó sì tún máa gba nǹkan dúró. Amọ̀ sísun kò ní irú okun bẹ́ẹ̀, fífọ́ rẹ̀ di fífọ́ títí láé. Ọba, olóyè àti ọmọ ogun tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní láti mọ èyí tẹ́lẹ̀ kí ègún náà tó lè dẹ́rù bà wọ́n. Ìmọ̀ ilé ìdáná di èdè òṣèlú.

Òwe mìíràn ti èyí lẹ́yìn: igbá tó fọ́ ni í gba kasẹ létí, ìkòkò tó fọ́ ni í gba okùn lọ́rùn. Ìyẹn ni pé ohun-èlò tí ó farapa ṣì ní ipò, ó sì ní irú ìtọ́jú tí ó tọ́ sí i. Èyí tí kò bá tilẹ̀ ṣeé rán mọ́, a ó gé e di ìgbakọ. Èyí tí kò bá tó ìgbakọ, a ó fi kó ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òwe ṣe kìlọ̀ fún onígbá tí ó bá pe igbá tirẹ̀ ní àkúfọ́. Kódà, níbi ìgbéyàwó, ìyàwó tuntun a máa fi ẹsẹ̀ tẹ igbá fọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, a ó sì ka iye àkúfọ́ rẹ̀ bí iye ọmọ tí yóò bí. Nínú àṣà yìí, fífọ́ kì í ṣe òpin ohun-èlò.

Ìrẹsà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ẹrù asásàlà

Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Aólẹ̀ tú ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká. Àwọn ìlú ńlá bíi Ìgbọ́n ti Olúgbọ́n àti Ìrẹsà ti Arẹsà kò yọ sílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọn sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Nígbà tí ó yá, a tún ìlú tẹ̀ dó. Lónìí, Ìrẹsà-Apá àti Ìrẹsà-Adú wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè, Ìrẹsà-Adú sì ni olú-ìlú rẹ̀.

Ẹni tí ogun lé kì í ru ìkòkò púpọ̀. Ohun tí ó fúyẹ́, tí kò ní í fọ́ yángá bí ó bá já bọ́, tí a sì lè rán bí ó bá sán, ni ó bá ọ̀nà jíjìn mu. Hóró igbá náà kò wúwo. Ẹni tí ó bá di ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ etí aṣọ ti gbé ilé ìdáná tí yóò lò ní ọdún tí ń bọ̀ dání. Kò sí àkọsílẹ̀ tí ó ka ẹrù àwọn asásàlà fún wa, àbá sì ni èyí, ṣùgbọ́n àbá tí àbùdá ohun-èlò náà gbè lẹ́yìn ni. Ìlú tí a ń tú tí a sì ń tún kọ́ nílò ohun-èlò tí ó ṣeé tún ṣe.

Tánganran àti ike

Ní àkókò ìjọba òyìnbó, abọ́ tánganran wọ ọjà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ike àti rọ́bà dé. Kò yẹ kí á sunkún igbá jù bí ó ti yẹ lọ. Igbá kò ṣeé gbé ka iná. Ó máa ń fa epo àti òórùn mọ́ra. Bí a kò bá sá a gbẹ, a bu. Tánganran ń dán, ó ń gba ọbẹ̀ gbígbóná, ọṣẹ sì ń fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Àwọn ìyá wa tí wọ́n tò ó sí yàrá bí ọrọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tí ó yí padà ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ipò ẹni tí ń lo ohun-èlò. A kì í gbin ike, a kì í sì í dì í ní ìbàdí nígbà tí ó ń dàgbà. Ibi tí okùn yóò wà lára kẹ́ẹ̀gì ni ilé-iṣẹ́ ti fi ìmú sí. Rírà àti jíjù nù ni ó kù fún wa. Síbẹ̀, àṣà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, a ṣì ń rí abọ́ ike tí ó sán, tí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a sì fi òwú rán an ní kíkì. Ọ̀nà tí a ń gbà rán igbá nìyẹn. Àwọn Hausa ń pe iṣẹ́ rírán igbá ní gyartai, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jẹ lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ike kò rò ó pé ẹnikẹ́ni yóò rán an. Ẹni tí ó rà á ni ó fi ọgbọ́n igbá wọ ike.

Ní ìlú Ọ̀yọ́, fífín igbá kò tíì parun, ṣùgbọ́n àwọn tí ń rà á ń gbé e kọ́ ara ògiri ni. Ojú igbá yè, inú rẹ̀ ṣófo. A lè sọ pé igbá òfìfo tí a dé ni a ń gbé fún àwọn ọmọ wa bí a bá kọ́ wọn ní ọnà igbá láìkọ́ wọn ní ìlò rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọgbọ́n igbá pín sí ọwọ́ púpọ̀: àgbẹ̀ ni ó fún un ní ìrísí, ẹni tí ó là á ni ó fún un ní ọmọrí, ẹni tí ń lò ó ni ó fi okùn sí i, ẹni tí ń rán an ni ó fún un ní ayé kejì. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti oníṣẹ́-ọwọ́ nìkan. Ó jinlẹ̀ nínú èdè tó bẹ́ẹ̀ tí ọba fi lè gbé ègún lé e lórí.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí á lọ bá àwọn àgbẹ̀ ìtàkùn igbá ní àgbègbè Ìrẹsà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, kí á bi wọ́n ní orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń gbé èso lé ilẹ̀, ibi tí a ti ń là á, irú okùn tí a fi ń rán an àti orúkọ ihò tí a lu sí i. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ sọnù nígbà tí ìlò bá dópin, nítorí pé kò sí ẹni tí ń kọ́ wọn sára ògiri. Àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí náà yẹ kí wọ́n wá àyè fún igbá tí a rán, kì í ṣe èyí tí a fín nìkan. Igbá tí ó ní ojú ìrán létí ti sọ ohun tí igbá tuntun kò lè sọ: pé ẹnìkan rò ó pé ó tọ́ láti tún un ṣe, àti pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é fi àyè sílẹ̀ fún un.